Bífẹ́ẹ̀tì, Màkí àti Ilé Ọtí: Èdè Yorùbá Lálẹ́ ní Kútọnu

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Kútọnu, tí àwọn oníṣòwò Tokpa bá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ìlú kì í sùn. Iná a máa tàn ní Jonquet, ní Haie Vive, ní Saint-Michel, àti lójú ọ̀nà tó gba Fidjrossè lọ sí etí òkun. Wọn a to tábìlì àti àga oníke síwájú ilé, ẹ̀rọ orin a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè Yorùbá ṣe ń bá Fọ̀n, Gùn, Mínà àti Faransé gbé nínú ìlú ńlá, ibẹ̀ ni a rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí, kó tó lọ ṣí ìwé. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lójú ewé Yorùbá wa lẹ́ẹ̀kan yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí ẹnu Yorùbá ṣe sí wọn, àti ibi tí Yorùbá ti ń fi àyè sílẹ̀ fún èdè mìíràn láìjà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ibẹ̀ gan-an. Nínú ìwé, "ilé ọtí" ni a máa ń kọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Kétu kan bá wà ní Kútọnu, tó fẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, kò ní sọ pé "jẹ́ ká lọ sí ilé ọtí". Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rò pé ìwàásù ló fẹ́ ṣe. "Buvette" ni yóò sọ, tàbí "màkí". Buvette, ọ̀rọ̀ Faransé ni, ara ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí "mu" ni wọ́n ti fà á yọ: ibi tí a ti ń mu nǹkan. Ìtàn maquis gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti erékùṣù Corse ló ti wọ èdè Faransé, igbó kúkúrú tó dí pa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé tó sá wọ igbó láti máa bá ọmọ ogun Jámánì jà gba orúkọ náà. Lẹ́yìn èyí, ní Abidjan, wọ́n fi pe àwọn ilé oúnjẹ tí kò gba ìwé àṣẹ, tó ń fara pamọ́ fún ìjọba. Láti Abidjan ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí kò sí ohun tó ń fara pamọ́ nínú màkí mọ́. Ariwo rẹ̀ nìkan tó láti júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún àlejò.

Kí wá ni ẹnu Yorùbá ṣe sí "buvette"? Ìró fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, èyí tí a ń ká ètè pè nígbà tí ahọ́n wà níwájú, kò sí nínú èdè wa, nítorí náà a fi i dípò rẹ̀. Yorùbá ní f, kò ní v, gẹ́gẹ́ bó ṣe ní s tí kò sì ní z. Bí ọ̀rọ̀ àjèjì bá gbé v wá, f ni à ń fi gbà á lálejò. Sílébù wa kì í sì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, a ní láti fi i sí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Bí a ṣe rí bífẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ìlànà kan náà ló mú kí zémidjan, ọ̀rọ̀ Fọ̀n tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá", di sẹ́mì lẹ́nu àwọn àgbà. Màkí ní tirẹ̀ kò fẹ́ àtúnṣe kankan. Kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì: ó wọlé bí ọmọ onílé.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ Nàgó tí wọ́n bí sí Kútọnu. Wọn kì í sọ bífẹ́ẹ̀tì. V ni wọ́n ń pè, ketekete. Kì í ṣe ilé-ìwé ló kọ́ wọn. Fọ̀n àti Gùn ní v, wọ́n ní z, àwọn ọmọ yìí sì ti ń fi Fọ̀n ṣeré ní òde kí wọ́n tó mọ ìwé í kà. Àwọn tó ti dàgbà ní Kétu tàbí Pobè kí wọ́n tó wá sí ìlú ńlá ni f ṣì wà lẹ́nu wọn. A máa ń sọ nínú kíláàsì pé Faransé ló ń yí Yorùbá ilẹ̀ Benin padà. Lórí ọ̀rọ̀ v yìí o, Fọ̀n ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, Faransé kàn gba ibẹ̀ wọlé ni. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àyálò, tí kò béèrè bóyá ẹni tó ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbọ́ Fọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.

(Nípa "boîte de nuit", ibi tí wọ́n ti ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, inú wa dùn pé kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru. "Àpótí òru" ni ìbá jẹ́, ta ló sì máa fẹ́ wọ ibẹ̀? Ilé ijó ni wọ́n ń pè é, ó sì tó bẹ́ẹ̀.)

Àgbàlagbà kan, ará Ṣábẹ̀ẹ́, sọ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín pé orúkọ màkí bá ibẹ̀ mu, nítorí "má kí" ni òun máa ń gbọ́: ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Àwàdà ni, àmọ́ ó fọwọ́ kan ohun tí àwa náà ti ń rò. Yorùbá kì í bá àwùjọ kó má kí wọn, ìkíni rẹ̀ sì ń béèrè pé kí o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú fàájì, ẹ kú ìnáwó. Ó tún ń béèrè pé kí o mọ ẹni tó jù ọ́ lọ. Nínú buvette tí iná rẹ̀ jẹ́ pupa tàbí búlúù, tí orin ń dún gbàmùgbàmù, báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí àgbà nínú wọn? "Bonsoir" kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi borí. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ ẹ̀kọ́ ilé mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí káàkiri tún yani lẹ́nu jù. Ó lè má ju ọmọ ogún ọdún lọ, síbẹ̀ ọkùnrin tó ti ní ewú lórí ni yóò pè é ní "tàǹtí". Òun náà yóò dáhùn pé "tonton". Lábẹ́ òfin ìbátan Yorùbá, èyí kò bójú mu. Àbúrò, tàbí "ọmọ mi", ló yẹ kí bàbá náà sọ. Ṣùgbọ́n tàǹtí ti bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ó ti di orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń sìn wá, ó sì ń dáàbò bo ọmọbìnrin náà díẹ̀. Ẹni tí ẹ bá pè ní tàǹtí, ó ṣòro láti tún na ọwọ́ sí i. A rí àwọn oníbàárà tí wọ́n ń sọ "ma chérie" dípò rẹ̀, a sì rí bí ojú ọmọbìnrin náà ṣe yí padà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àròkọ yìí, èyí nìkan la mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ọgbà yí ènìyàn ká.

Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ ìbátan ni wọ́n yá, wọn kò yá ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. "Tàǹtí, ẹ fún wa ní Béninoise méjì tó tutù." Ẹ yẹn, ti Yorùbá ni, ẹnikẹ́ni kò fi "vous" rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ṣe ń wọ inú gbólóhùn wa láì da ìlà rú: "a ti commander", "wọ́n ń fermer", "kò tíì servir wa". Ti, ń, àti kò tíì dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí. Ẹni tó gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè ké pé èdè ti bàjẹ́. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò sọ pé egungun rẹ̀ ṣì le, aṣọ ló pààrọ̀.

Ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù ni ìgbà tí Yorùbá láti Nàìjíríà bá wọ buvette wa. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Èkó ló ń wá sí Tokpa, wọ́n sì máa ń jáde lálẹ́ bí gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní "mínírà". Nílé rẹ̀, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni mínírà. Níbí, "eau minérale" ni ọmọbìnrin náà gbọ́, ó sì gbé Possotomè wá, omi lásán. Ohun tí ọkùnrin náà ń fẹ́, "sucrerie" ni à ń pè é ní ilẹ̀ Benin àti Togo, síkirérì lẹ́nu àwọn tí Yorùbá wọn le. Ó wá béèrè "gíláàsì" kó fi mu omi náà. Glass ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ife, àti "glace" ti Faransé, tó jẹ́ yìnyín, bí wọ́n bá kọjá lẹ́nu Yorùbá, gíláàsì ni àwọn méjèèjì ń dà. Wọ́n á gbé yìnyín fún un. Bí ebi bá tún ń pa á, tó ní òun fẹ́ sùyà, wọ́n á wo ara wọn títí ẹnìkan á fi tọ́ka sí ọ̀gbẹ́ni tó ń yan ẹran àgùntàn lẹ́bàá títì: tchatchanga ni orúkọ rẹ̀ níbí. Àwọn Yorùbá méjì ló ń sọ̀rọ̀ o, lórí tábìlì kan, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tí kì í ṣe Yorùbá lójú ara rẹ̀. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà lórí ilẹ̀, inú ife ni a ti rí i.

Ọtí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọtí ìgò ni ó gbajúmọ̀ jù, orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò sì ni wọ́n fi ń pè é, kò sí ohun tí onímọ̀ èdè rí ṣe níbẹ̀. Sodabi ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sodabi, ará agbègbè Allada, tó bá Faransé lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní, ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọtí tí ooru rẹ̀ a fi di omi padà, tó sì dé ilé tó fi ẹmu dán an wò. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é. Ṣé ọtí òyìnbó tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá ń mówó orí wọlé fún wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ igi ọ̀pẹ nítorí epo. Òfin kan náà wà ní Nàìjíríà lórí ògógóró, ó sì wà ní Gánà. Ẹ wá wo bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe dáhùn. Ní Gánà, akpeteshie ni wọ́n sọ ọ́, láti inú èdè Gã, ó ní í ṣe pẹ̀lú fífarapamọ́. Ní Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ ìlú pa á mọ́, wọ́n ń pè é ní omi Sapele. Àwa ní tiwa, a fi orúkọ ẹni tó ṣe é pè é ní gbangba. Lónìí, Nàgó, Fọ̀n, Mínà, Gùn, gbogbo wa la ń sọ sodabi, a sì ń rì egbòogi àti èso sínú rẹ̀ tà nínú ìgò tó dára fún àwọn àlejò.

Ẹmu ṣì wà o, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn ará Nàìjíríà kì í tètè gbà gbọ́. Adẹ́mu tiwọn ń gun ọ̀pẹ tó wà láàyè. Ní gúúsù Benin, wọ́n sábà máa ń gé ọ̀pẹ náà lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a. Nítorí náà "adẹ́mu" lẹ́nu ará Àjàṣẹ́ àti lẹ́nu ará Ìbàdàn kò mú àwòrán kan náà wá sọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ohun tó dùn wá jù nínú gbogbo ìjókòó wa, owó ni. Kì í ṣe pé ọtí wọ́n. Bí a ṣe ń ka owó ni. Ní buvette kan ní Akpakpa, bàbá kan béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó gbé ọtí wá pé eélòó ni ìgò kan. Nàgó ni àwọn méjèèjì, Yorùbá ni wọ́n sì ti ń bá bọ̀. Ọmọbìnrin náà ní "sept cents". Bàbá ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, àbí?" Ó ní rárá o, bàbá, kò wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe 400. "Ẹ̀rin" tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni etí rẹ̀ mú.

Bàbá náà kò bínú. Ó ṣa ìdérí ìgò mẹ́rin jọ sórí tábìlì. Ó ní ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ igba. Igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta, 600. Igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin, 800. Bí o bá yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ẹgbẹ̀rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lo ní, 700 nìyẹn. Bó o bá yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ẹgbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500. Ó ní ìgò méjì tí òun mu ńkọ́? Ó to ìdérí méje: ẹgbèje, 1400. Ó fún un ní ẹgbàá, 2000, ó ní kó mú ẹgbẹ̀ta wá. Ọmọbìnrin náà ka ìdérí títí, ó rí i pé ó pé, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ohun tí olùkọ́ wa ìbá fẹ́ gbọ́: kí ló dé tí wọn kò kàn sọ pé ọgọ́rùn-ún méje?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún márùn-ún, ọgọ́rùn-ún méje, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ka owó lọ́nà Faransé. Àwọn kan nínú wa nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní ẹwà ìṣirò Yorùbá wà nínú bó ṣe ń yọ tó sì ń fi kún. Èrò tó pọ̀ jù láàárín wa yàtọ̀. Lẹ́nu ọmọ Kútọnu, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kọ́ ni ọgọ́rùn-ún méje ń bá dupò. "Sept cents" ló ń bá du ú. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún méje ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní padà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, Faransé ni yóò máa sọ lọ, bó sì ti rí lórí owó ni yóò rí lórí aago, lórí ọjọ́ orí àti lórí nọ́ńbà tẹlifóònù. Ohun tí a kà lójoojúmọ́ ni a fi ń rántí bí a ṣe ń kà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó ti rí bí bàbá yẹn ṣe ṣe é: kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdérí ìgò ló sì fi ṣe é.

Ó wá ya wá lẹ́nu pé nígbà tí ẹnu ń fi Faransé pàṣẹ ọtí, Yorùbá ni ẹ̀rọ orin sábà máa ń sọ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orchestre Poly-Rythmo, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1968, kọrin ní Fọ̀n àti Mínà, ó sì kọrin ní Yorùbá. Gnonnas Pedro, tó kú ní 2004, fi èdè púpọ̀ kọrin, Yorùbá wà nínú wọn. Sagbohan Danialou, ọmọ Àjàṣẹ́, náà ń fi Yorùbá kọrin. Lónìí, orin láti Èkó ló gba ilẹ̀, fújì fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, orin ìgbàlódé fún àwọn ọ̀dọ́. A rí ọmọ Fọ̀n tí kò lè fi Yorùbá kí ènìyàn, ṣùgbọ́n tó ń kọ ègbè orin Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó tọ́. Èdè tí a kì í fi ra ọtí ni a ń fi jó. Ipò méjèèjì yàtọ̀ síra, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan tan ara wa jẹ nípa èkejì.

Nípa pátákó, ìwọ̀nba la ní í sọ. Láti 1975 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, èyí tó ń kọ kp níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ p. Ẹni tó ń kun pátákó buvette kò bìkítà fún èyí tàbí ìyẹn. Ká ní ó kọ "Ayo" sára ògiri, kò sí àmì, kò sí ohùn: ṣé ayọ̀ ni, àbí ayò tí à ń ta? Bóyá méjèèjì náà ló wà nínú ilé.

Òde alẹ́ Kútọnu náà ti yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú títì padà, ọ̀pọ̀ tábìlì àti àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló kúrò níbẹ̀; ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n ti àwọn ilé ọtí àti ilé ijó pa fún ìgbà kan. Àwọn tó kó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ títì kó ọ̀rọ̀ wọn wọlé pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n máa ń fi Nàgó pe ara wọn láti tábìlì kan sí òmíràn lójú títì, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n jókòó sí báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wọn ní láti ra nǹkan mu.

A kò tíì dé Lomé fún iṣẹ́ yìí, ibi tí àwọn Ifẹ̀ láti Atakpamé ti ń bá Mínà jókòó, a kò sì tíì dé Parakou. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ibẹ̀, a ń retí ọ̀rọ̀ yín fún àtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, ẹ má tún un ṣe, kí ẹ sì sọ fún wa irú ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó dàgbà sí. Ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni èyí: àpótí onígi tàbí oníke tí wọ́n ń to ìgò sí, tí Faransé ń pè ní "casier", kí ni wọ́n ń pè é nílé yín? Ní Kétu, a ti gbọ́ orúkọ méjì.